Ajá afọ̀nàhàn ní Gyellesu: ẹ̀sìn kọ́ ni ìdíwọ́ àkọ́kọ́

Ó ṣòro kéèyàn ní fóònù lónìí kó má tíì rí fídíò ajá tó ń mú ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ sọdá títì ní London tàbí New York. Ajá á dé etí títì, á dúró, ọ̀gá rẹ̀ náà á dúró. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá tán, àwọn méjèèjì á jọ sọdá bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ló sábà máa ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé àwọn ẹgbẹ́ wa lókè Ọya ò lè wá irú ajá bẹ́ẹ̀ fún àwọn bàbá àti ìyá tí ojú ń dà láàmú? Èsì tó sábà máa ń jáde kì í gùn: "Ní Zaria kẹ̀? Láàrin àwọn Hausa? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ gidi jàre."

Mi ò fara mọ́ èsì yẹn, mi ò sì fara mọ́ ìbéèrè yẹn náà tán. Ìdíwọ́ wà lóòótọ́, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kọ́ ló wà níwájú. Mo fi Gyellesu ṣe àpẹẹrẹ torí pé gbogbo ìdíwọ́ náà ló pàdé síbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ Zaria dáadáa, Gyellesu kò jìnnà sí Tudun Wada àti Kongo, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Ahmadu Bello wà. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ àdúgbò náà ní December 2015, nígbà tí àwọn sọ́jà kọlu ilé Sheikh Ibraheem El-Zakzaky. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìgbìmọ̀ ìwádìí pé òkú 347 ni wọ́n kó lọ sin ní Mando. Àwọn ọmọdé tó gbọ́ ìró ìbọn lọ́jọ́ náà ti di géńdé báyìí. Àdúgbò tó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó ohun àjèjì wọ ibẹ̀, àní kó jẹ́ oore, gbọ́dọ̀ rọra ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ajá tí à ń sọ. Kì í ṣe ajá tí wọ́n rí lójú títì tí wọ́n wá nà títí ó fi gbọ́n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ajá ní Amẹ́ríkà àti Britain sábà máa ń sin ín fúnra wọn ni, Labrador, Golden Retriever, German Shepherd, láti ara ìyá àti bàbá tí wọ́n mọ ìwà àti ìlera wọn. Ọmọ ajá náà á kọ́kọ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan fún bí ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ ìdílé yẹn ni láti máa mú un lọ sọ́jà, sí ibùdókọ̀, sínú ariwo, kí ohunkóhun má bàa dẹ́rù bà á mọ́. Lẹ́yìn èyí ló tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gan-an fún oṣù mélòó kan. Oúnjẹ àti ìyìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níbẹ̀, wọn kì í lo pàṣán. Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níbi tí ilẹ̀ bá ti rì tàbí tó ga, bí wọ́n ṣe ń yí kòtò ká, bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ẹ̀ka igi tó lè gbá ọ̀gá lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá fúnra rẹ̀ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé tí ọ̀gá bá ní "ó yá, máa lọ", tí ọkọ̀ sì ń bọ̀, ajá gbọ́dọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Àwa tí a fẹ́ kí ọmọ máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu ní gbogbo ìgbà, ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ nìyẹn! Ọ̀pọ̀ ajá kì í yege, wọ́n á sì wá iṣẹ́ mìíràn fún wọn tàbí kí wọ́n fi wọ́n fún ẹni tó fẹ́ sin ajá nílé.

Ohun kan wà tí fídíò kì í fi hàn. Ajá ò mọ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ń lọ. Ọ̀gá ló mọ̀nà: òun ló ń sọ pé ká yà sí ọ̀tún, ká lọ tààrà, òun ló ń fetí sílẹ̀ kó tó sọdá. Iṣẹ́ ajá ni pé kí wọ́n má já sí kòtò lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ajá kì í fi í fún ẹni tí kò bá tíì lè dá rìn pẹ̀lú ọ̀pá funfun. Ẹni tí kò lè fọ̀pá wá ọ̀nà láti ẹnu ilé rẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ajá ò lè mú un dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo bí ẹni náà ṣe ń yára rìn sí, bó ṣe ga tó, irú ilé tó ń gbé, kí wọ́n tó yan ajá fún un, wọ́n á sì jọ kọ́ ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí ajá bá ti pé bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ó ti tó fẹ̀yìn tì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òmíràn.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan ni àwọn òyìnbó náà dé ibi tí wọ́n wà. Ogun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1916, ní Oldenburg ní Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Gerhard Stalling dá ilé ẹ̀kọ́ ajá sílẹ̀ fún àwọn sọ́jà tí ojú wọn fọ́ lójú ogun. Ní 1929 ni Dorothy Eustis àti Morris Frank dá The Seeing Eye sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Frank yìí sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ò ríran. Britain tẹ̀ lé e ní 1931, ní Wallasey, ajá mẹ́rin péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, South Africa ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti 1953. Òfin sì wà lẹ́yìn ajá náà: Amẹ́ríkà ní òfin àwọn aláàbọ̀ ara láti 1990, ìlànà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì dárúkọ ajá ní tààrà, tí ilé ìtajà tàbí ilé oúnjẹ kò fi lè ní kí ẹni tí ajá ń fọ̀nà hàn dúró síta.

Yàtọ̀ sí ajá afọ̀nàhàn, ajá tún wà tó ń gbé nǹkan fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlérìn, èyí tó ń ta adití lólobó, àti èyí tí wọ́n ń fún àwọn sọ́jà tí ogun ti bà lọ́kàn jẹ́. Ní August 2021 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan lórí irú èyí. Òmíràn kì í ṣe ti ẹnì kan, ilé iṣẹ́ kan ló ni ín: ọsibítù, tàbí ilé ẹjọ́ bíi ti Seattle láti 2003, níbi tí ajá á ti dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ tó fẹ́ jẹ́rìí kí àyà ọmọ náà lè balẹ̀. Tí mo bá rántí àwọn ọmọ Gyellesu ti 2015, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún irú ajá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí jìnnà sí wa ju ti afọ́jú lọ, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Zaria. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ ajá yìí báyìí? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ là ń rí i ní ibùdókọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀: ọmọdé ni. Ọmọ náà á di orí ọ̀pá kan mú, bàbá afọ́jú á di ìdí rẹ̀ mú, wọ́n á máa lọ. Àwọn Hausa ń pe ọmọ náà ní ɗan jagora. Òun ló ń ríran fún bàbá, òun ló ń ka owó, òun ló ń mọ ẹni tó lójú àánú. Iṣẹ́ tí ajá kò lè ṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ àkókò iléèwé ló fi ń rìn, bó bá sì dàgbà tán, òmíràn tó kéré sí i á gba ọ̀pá.

Níbí ni ìṣirò àwọn ọmọ wa lókè òkun ti ń yẹ̀. Ọ̀pọ̀ afọ́jú tí ẹ ń rí nígboro Zaria, sàráà ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ní ètò tiwọn, wọ́n ní Sarkin Makafi, olórí àwọn afọ́jú, tó ń bá wọn parí ìjà, tó sì ń ṣojú fún wọn lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ẹ wá fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ajá. Ajá á mú un rìn dáadáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sún mọ́ ọn fi owó sínú igbá? Àwọn obìnrin tó ń lọ kírun á gba òdìkejì títì kọjá. Ẹ ò tíì gbà á lọ́wọ́ ebi, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó dá mi lójú pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa kọ ajá náà, ẹ̀sìn ò sì ní jẹ́ ìdí rẹ̀ rárá.

Ní ti ẹ̀sìn, mi ò kì í ṣe ààfáà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ààfáà ń kọ́ni kò le tó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ìlànà Màlíkì ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní Zaria bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé e ní Ilọrin, lójú Màlíkì sì rèé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin. Ti pé ká fọ àwo tí ajá bá lá lẹ́ẹ̀meje, ìjọsìn ni wọ́n kà á sí. Al-Ƙurání gba ẹran tí ajá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ọdẹ bá pa, ó sì sọ ìtàn àwọn ará inú ihò àpáta tí ajá wọn na ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Hádíìsì tó ní kéèyàn má sin ajá yọ ajá ọdẹ, ajá oko àti ti olùṣọ́ ẹran sílẹ̀. Àwọn ọdẹ Hausa pàápàá ń kó ajá lẹ́yìn. Ní 2008, mọ́ṣáláṣí kan ní Leicester ní Britain gba ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan láyè láti mú ajá afọ̀nàhàn rẹ̀ wá, wọ́n ṣe ibì kan fún ajá náà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ á sì wọlé lọ kírun. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ pé ẹ̀sìn ò gbà á, ẹ sọ fún un pé kó lọ bi ààfáà tó kàwé.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù lára ajá ní àdúgbò wa, kí a sọ òótọ́, ni eyín rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà sì tọ́. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí àrùn dìgbòlugi mú, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Tí àmì rẹ̀ bá ti fi lè yọ lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Àjọ náà sọ pé tí a bá fún 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà ràn mọ́. Ẹ wo ajá tó ń sùn lábẹ́ táńkà àti lórí ààtàn ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè mélòó ló ti rí abẹ́rẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni ajá afọ̀nàhàn máa bá pàdé lójoojúmọ́. Tí mẹ́ta bá já lù ú, tí kò bá kú, ẹ̀rù á máa bà á, ajá tí ẹ̀rù ń bà kò sì lè fọ̀nà han ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti kọ́ láti máa sọ òkúta lu ajá wà níbẹ̀, eégbọn wà níbẹ̀, oòrùn March àti April tí ń gbóná débi pé ọ̀dà títì á máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àlejò àti onílé tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti wọ Nuhu Bamalli Polytechnic ní Zaria ní June 2021, ó yé mi tí ẹni wa kan bá ní òun fẹ́ sin ajá ìṣọ́lé. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ajá bú aládùúgbò, wọ́n sì ti mọ̀ wá mọ́ ọn. Ní August 2016, ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan ní Sango Ota, ní ìpínlẹ̀ Ogun, torí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, aládùúgbò rẹ̀ kan tó wá láti òkè Ọya ló fẹjọ́ sùn pé orúkọ bàbá òun nìyẹn. Ilẹ̀ Yorùbá lèyí ti ṣẹlẹ̀ o. Tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ló máa kọ́kọ́ mú ajá wọ Gyellesu láìjẹ́ pé Sarkin Makafi, mai anguwa àti limámù gbọ́ sí i, wọn ò ní rí afọ́jú tí ajá ń mú rìn. Ajá àwọn Yorùbá ni wọ́n máa rí.

Èyí tó tiẹ̀ kàn wá jù ni ojú tiwa gan-an. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti lé ní ọdún 40, mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni kò ríran mọ́. Cataract ló fa èyí tó pọ̀ jù, iṣẹ́ abẹ sì ń wò ó. Àwọn oníwàádìí náà ní ọ̀pọ̀ jùlọ ìfọ́jú tí wọ́n rí ló ṣeé dènà tàbí ṣeé wò. Ṣùgbọ́n glaucoma, tí kì í padà tó bá ti bojú jẹ́, ìwádìí kan náà rí i pé ó wọ́pọ̀ jù láàrin Ígbò àti Yorùbá. Nínú ẹni márùn-ún tó ní in, ọ̀kan ti fọ́jú. Bóyá ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ló mọ̀ pé òun ní in, torí kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọlé, àárín á sì máa ríran títí ó fi pẹ́ jù. Nítorí náà ẹni tó bá ń wá ajá fún bàbá rẹ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè ìgbà tí bàbá náà wọn ìfúnpá ojú kẹ́yìn, kí òun náà sì lọ wọn tirẹ̀, torí àrùn náà máa ń wà nínú ìdílé. National Eye Centre wà ní Kaduna, bíi wákàtí kan sí Zaria. Ọmọ wa ló darí ibẹ̀ rí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adenike Abiose, tí ìwádìí rẹ̀ lórí oògùn ivermectin ní àwọn abúlé Kaduna jáde nínú Lancet ní 1993.

Ṣé kí a wá pa ọ̀rọ̀ ajá tì ni? Rárá o. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ohun tí Oldenburg ní ní 1916, Zaria ní in. Depot àwọn sọ́jà wà níbẹ̀, sọ́jà tó fara gbọgbẹ́ sì wà nílẹ̀ yìí látàrí ogun Boko Haram. Yunifásítì Ahmadu Bello ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko àti ilé ìwòsàn ẹranko tirẹ̀. Ọsibítù ojú wà ní Kaduna. Ibi kan ṣoṣo tí mo rò pé ajá afọ̀nàhàn ti lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wàhálà ni inú ọgbà: bárékè, tàbí ọgbà yunifásítì, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́, tí ajá ìgboro ò pọ̀, tí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ sì ní owó oṣù tàbí ìwé tó ń kà tí kò fi gbára lé sàráà. Òfin tó wà fún àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, lè tì í lẹ́yìn: ilé, ojú ọ̀nà àti ọkọ̀ ló tẹnu mọ́ jù, mílíọ̀nù kan náírà sì ni owó ìtanràn ilé iṣẹ́ tó bá fi àléébù ara lé ènìyàn sẹ́yìn. Báńkì tó bá dá ajá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni a ti lè mú un.

Ní ti Gyellesu fúnra rẹ̀, owó tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dá fún ajá, mo rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ajá àdúgbò, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ẹranko láti Samaru, kí ó sì jẹ́ gbangba, kí ẹ pe mai anguwa síbẹ̀. NVRI ní Vom ń ṣe abẹ́rẹ́ náà nílẹ̀ wa níbí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá funfun pẹ̀lú ẹni tó máa kọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ọ̀pá láìsí ẹ̀kọ́, igi lásán ni. Tí bàbá kan bá ti lè fi ọ̀pá dá rìn ní òwúrọ̀, ɗan jagora lè wà ní iléèwé títí di ọ̀sán. Ìyẹn nìkan, a ti gba iṣẹ́ ajá lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ajá ò sì tíì dé.

Tó bá sì wá dé lọ́jọ́ kan, kí ẹni tó máa kọ́ ọ má gbàgbé ọ̀rọ̀ èdè. Èdè òyìnbó ni ajá tí wọ́n bá kó wá láti òkèèrè gbọ́. Èyí tí wọ́n bá tọ́ ní Samaru, tsaya ni kí wọ́n fi kọ́ ọ láti dúró, kí àwọn tó bá jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní Gyellesu lè gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ.